Ògiri Tó Wó Nígbà Ọyẹ́

"Ògiri amọ̀ kì í wó nígbà ọyẹ́," ni Mojísọ́lá wí. Kò tíì kí ẹnikẹ́ni, kò sì tíì gba àga tí wọ́n gbé fún un. Ó dúró níwájú àlàpà náà, ó ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ nájà. "Ìgbà òjò ni ògiri amọ̀ ń kú. Òjò wo ló ti rọ̀ ní Niamey láti bí oṣù mélòó kan? Àlíyù, ta ló da omi sídìí ògiri bàbá rẹ?"

Àlíyù ní òun kò mọ̀. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ jáde bí ohùn ẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn láti àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tí ògiri ti wó lu bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá. Bí èèyàn bá kí i lásán, ṣe ló máa ń wolẹ̀.

Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àní fún Ràhámọ̀tù ìyàwó rẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀ tó ṣáájú, òun àti bàbá rẹ̀ ṣe gbólóhùn asọ̀. Ó fẹ́ gé ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù sí ògiri tó wà lẹ́bàá títì kó lè máa ta aṣọ níbẹ̀, bàbá ní rárá, ọ̀rọ̀ di ariwo, lòun bá la ẹnu pé, "Ilé yìí ì bá kúkú wó ká sinmi." Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, ilé wó, egungun itan bàbá sì kán. Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àlíyù ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹnu òun ló wó ògiri náà.

Mojísọ́lá kì í ṣe ọlọ́pàá. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, onígbàgbọ́, tí ọkọ gbé wá sí Niamey nígbà èwe, ògbufọ̀ sì ni iṣẹ́ rẹ̀ ní kómísárìá, àgọ́ ọlọ́pàá ìlú. Bí wọ́n bá mú ẹni tí kò gbọ́ Faransé, ìbáà jẹ́ Zarma, ìbáà jẹ́ Hausa tàbí Yorùbá, òun ni yóò dúró láàárín, tí yóò máa gbé ọ̀rọ̀ lọ, tí yóò máa gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. Ẹni tó bá ti ru irọ́ oníirọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún bẹ́ẹ̀ yóò mọ bó ṣe ń wúwo tó lórí. Àbdùlkàdírì, ọ̀gá àwọn ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ níbẹ̀, mọ èyí dáadáa. Bí ẹjọ́ bá ta kókó, á ní kí wọ́n lọ sọ fún màdáámù ògbufọ̀ pé kó wá mu tíì, kì í sì í ṣe torí tíì ló fi ń pè é.

Lọ́tẹ̀ yìí, Àlíyù fúnra rẹ̀ ló lọ bẹ̀ ẹ́ nílé, nítorí Mùhàmmádù. Mùhàmmádù ni garúwá wọn, ọkùnrin Zarma tó ń fi korobá méjì àti ọ̀pá èjìká pọn omi wá fún wọn lójoojúmọ́ láti ìgbà tí Àlíyù ti wà ní kékeré. Àwọn ọlọ́pàá ti tì í mọ́lé. Wọ́n ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ń da omi sídìí ògiri kí ilé lè wó, bàbá Àlíyù, Alhaji Jàfárù, ló sì jẹ́rìí sí i lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, Mojísọ́lá ló sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bó bá di ọjọ́ Ajé, wọn yóò fà á lé àwọn ológun lọ́wọ́. Ẹni tí àwọn ológun bá sì dá lẹ́jọ́ lórí dúkìá ìjọba, kì í sẹ́ni tó máa ń bèèrè ìgbà tí yóò dé.

Báwo ni ògiri Alhaji Jàfárù ṣe di dúkìá ìjọba? Bàbá rẹ̀ tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ kó aṣọ wá tà ló kọ́ ilé náà sí àdúgbò Yantala, àgbà ọ̀mọlé kan láti Zinder ló sì fọwọ́ ya ọnà sí gbogbo iwájú rẹ̀, tó fi rí bí ọrùn agbádá. Nígbà tí owó yuréníọ̀mù dé, tí gbogbo ìlú ń wó ilé amọ̀ láti fi sìmẹ́ǹtì kọ́ òmíràn, ìjọba ológun dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ fún ààbò àwọn ilé àtijọ́. Wọ́n wá kan àwo irin mọ́ ẹnu ọ̀nà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé ilé yìí, kò gbọdọ̀ fi nǹkan kún un, kò gbọdọ̀ kùn ún láìgbàṣẹ. Alhaji ní òun ti di ayálégbé nínú ogún òun. Ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ni wọ́n fẹ́ mú àwọn òyìnbó tó ń ra yuréníọ̀mù wá wo ilé náà, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ògiri fi di ọ̀rọ̀ ọ̀tá ìjọba.

*

"Ta ló fẹ́ ilẹ̀ yìí?" ni Mojísọ́lá bèèrè.

"Hàmídù agbaṣẹ́ṣe. Ó fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síbẹ̀ fún àwọn òyìnbó. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ọkọ̀ táńkì omi rẹ̀ sì wà lẹ́bàá ògiri yìí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

Wọ́n bá Hàmídù ní ìdí ilé kan tó ń kọ́ lọ́wọ́ ní òdìkejì títì, tó ń pàṣẹ fún àwọn bíríkìlà. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n ni, ẹ̀rín kò sì jìnnà sí i lẹ́nu.

"Màdáámù, wọ́n ní èmi ni mo wó ilé."

"Ẹ̀yin lẹ fẹ́ rà á."

"Mo fẹ́ rà á kí wọ́n tó kan àwo mọ́ ọn. Ní báyìí, bó wó dé ìpìlẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n tún un kọ́ bó ṣe wà. Ta ló ń fowó ra irú ìyọnu bẹ́ẹ̀? Mo ti gba ilẹ̀ sí Lamordé."

"Táńkì yín ńkọ́?"

"Ó ń jò. Mo mọ̀ pé ó ń jò."

Ọkàn Àlíyù fò sókè. Ó wù ú kó jẹ́ Hàmídù, ó wù ú gan-an ni. Ṣùgbọ́n Mojísọ́lá ti padà sídìí àlàpà náà láti ìta, ó fi imú bàtà ha ilẹ̀, eruku ló sì bú jáde. Omi táńkì ti bá ojú títì lọ sí ibi tó dagun, kò dé ìdí ògiri rárá.

"Àlíyù, bí o bá fi àáké gé igi láti apá òsì, ibo ni yóò wó sí?"

"Òsì."

"Ògiri yìí, ibo ló wó sí?"

Àlíyù wo àgbàlá níbi tí àwọn aládùúgbò ti wú bàbá rẹ̀ jáde nínú amọ̀. "Inú ni."

"Ó dáa. Inú ni omi ti jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Fi Hàmídù sílẹ̀ kó máa rẹ́rìn-ín rẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà."

Ọ̀rọ̀ yìí gún Àlíyù débi pé kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó sọ gbogbo bó ṣe jà pẹ̀lú bàbá rẹ̀ fún un, ó sọ ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde, ojú rẹ̀ sì rẹ̀ wálẹ̀ bí ti ọmọ tó fọ́ àwo. Mojísọ́lá gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Ẹnu kì í wó ògiri," ló wí. "Bó bá jẹ́ pé ẹnu ń wó o ni, pẹ̀lú bí àwọn orogún ṣe ń ṣépè ní ìlú yìí, orí pápá ni gbogbo wa ì bá máa sùn. Ṣùgbọ́n ó dáa tí o sọ ọ́. Láti ìgbà tí o ti wọ ilé mi ni mo ti rí i pé o ń gbé ẹ̀bi kan kiri. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òun ni mò ń wá."

"Ṣé òun ni, màmá?"

"Òun kọ́."

Ara Àlíyù fúyẹ́ díẹ̀. Ká ní ó mọ ohun tó kù níwájú, kò ní jẹ́ kó fúyẹ́.

*

Wọ́n mú Mùhàmmádù jáde síwájú Àbdùlkàdírì. Irun rẹ̀ ṣì kún fún eruku, nítorí òun ló kọ́kọ́ fi ọwọ́ lásán gbẹ́ amọ̀ kúrò lára Alhaji lọ́jọ́ náà, kò sì tíì ráyè wẹ̀ kí wọ́n tó wá mú un. Kò kí ọ̀gá ọlọ́pàá, Àlíyù ló yíjú sí.

"Bàbá ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ náà ń sàn?"

"Ó ń sàn," ni Àlíyù wí.

Mojísọ́lá fi Zarma bi í. "Mùhàmmádù, ṣé lóòótọ́ ni o ń da omi sídìí ògiri?"

"Lóòótọ́ ni."

Àbdùlkàdírì na ọwọ́ síwájú bí ẹni tí ẹjọ́ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín, màdáámù."

"Omi wo ni?"

"Èyí tó bá ṣẹ́kù sí korobá. Bàbá ló ní kí n máa fi fọ ojú ibi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá, kó lè mọ́."

"Láti ìgbà wo?"

Mùhàmmádù fi àgbọ̀n júwe Àlíyù. "Kí èyí tó lè nu imú ara rẹ̀."

Mojísọ́lá yí padà sí ọ̀gá ọlọ́pàá. "Ọ̀gá, ẹ wo irùngbọ̀n tó wà lágbọ̀n Àlíyù yìí. Látìgbà tó ti wà lọ́mọdé ni omi yìí ti ń dà síbẹ̀, ògiri kò wó. Àwa ń bèèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó yí padà ló yẹ ká bèèrè."

"Kí ló yí padà?"

Mojísọ́lá gbé ìbéèrè náà dé ọ̀dọ̀ Mùhàmmádù.

"Omi kì í tètè lọ mọ́. Tẹ́lẹ̀, kí n tó gbé korobá, ó ti lọ. Láti nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́, ṣe ló ń dúró síbẹ̀ tí á máa wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo sọ fún Bàbá."

"Kí ni Bàbá wí?"

"Ó ní kí n fi í sílẹ̀, pé òun ń bójú tó o."

"Kí ló dé tí o kò sọ èyí fún àwọn ọlọ́pàá?"

"Wọn ò bi mí. Wọ́n ní ṣé mo da omi, mo ní mo dà á."

Àbdùlkàdírì yọ fìlà, ó tún un dé. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ṣùgbọ́n wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ láago láti bárékè, orúkọ ni wọ́n ń bèèrè. Ó ní bí òun kò bá rí orúkọ mìíràn fún wọn, èyí tó wà lọ́wọ́ náà ni wọn yóò mú lọ. Bí wọ́n ṣe ń dá Mùhàmmádù padà sínú túbú, ó tún yíjú, ó ní kí Àlíyù bá òun kí Bàbá.

*

Nígbà tí wọ́n padà dé Yantala, Mùsíyé Jíbò tó wá láti ọ́fíìsì ààbò ilé àtijọ́ ti wà lórí àlàpà tòun ti kóòtù àti táì. Ó ń pariwo pé ọ̀tẹ̀ ni, pé àwọn ọ̀tá ìlọsíwájú ló wó ilé.

"Ó dá yín lójú tó bẹ́ẹ̀?" ni Mojísọ́lá bi í.

"Mo yẹ ilé yìí wò kí ọyẹ́ tó mú. Ó pé pérépéré. Mo ní kí wọ́n yọ gbogbo ohun tí kò sí níbẹ̀ láti ilẹ̀: páànù tí wọ́n ta sẹ́nu ọ̀nà, wáyà rédíò, ohunkóhun tó bá ti jẹ́ irin. Àlíyù ṣe gbogbo rẹ̀ bí ọmọ gidi. Iwájú ilé wá dà bíi pé àná ni ọ̀mọlé kúrò níbẹ̀."

"Kí lẹ ṣèlérí fún Àlíyù?"

Ohùn Mùsíyé Jíbò wálẹ̀. "Ó ní ẹ̀bẹ̀ kan nílẹ̀, lórí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Mo ní bí iwájú ilé bá wù wá, a ó wo ẹ̀bẹ̀ náà dáadáa."

Ojú ti Àlíyù. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ apá yìí. Ní Grand Marché, ọjà ńlá ìlú, àwọn ojúgbà rẹ̀ ń ta àǹkárá fún àwọn ìyàwó ọ̀gá iléeṣẹ́, wọ́n ń ra mọ́tò. Òun nìkan ni bàbá dè mọ́ ògiri amọ̀. Ìgbà tí bàbá lọ sìnkú ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló bá Mùsíyé Jíbò ṣe àdéhùn, kí bàbá tó dé ó ti ṣe iwájú ilé tán, ó sì ń retí kí wọ́n yìn ín.

Mojísọ́lá ti fi wọ́n sílẹ̀, ó ti bọ́ síta. Ìyá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀, Zubaidat, ọmọ àdúgbò, tó ń jókòó sídìí ògiri náà ta ewé náánáá tí wọ́n ń fi sí tíì. Ọgbà rẹ̀ kò ju ẹní méjì lọ, gbogbo ewé inú rẹ̀ ló sì ti gbẹ.

"Ìyá, kí ló pa ewé yín?"

"Ẹ bi àwọn ará ilé yìí. Omi àlùwàlá wọn ló ń mu. Bàbá àgbà tó kọ́ ilé ni kò fẹ́ kí omi àlùwàlá bá ìdọ̀tí pò nínú gọ́tà, ló bá ní kí ọ̀mọlé dá ihò sídìí ògiri kó máa ṣàn wá sórí ewé tútù. Ìyá mi ló gbin náánáá síbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe ògiri lọ́ṣọ̀ọ́ ni omi dáwọ́ dúró. Mo ní àbí wọn ò kírun mọ́ ni?"

"Ṣé ẹ sọ fún wọn?"

"Mo sọ fún ọ̀kan." Ó nawọ́ sí Àlíyù. "Ó ní ọyẹ́ ló pa á."

Àlíyù rántí. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Mojísọ́lá bẹ̀rẹ̀ sínú àlàpà, ó ń fi ọwọ́ tú amọ̀ náà. Kò pẹ́ tó fi gbé ìṣù amọ̀ kan jáde, ó tóbi tó orí ọmọ ọwọ́, ó sì fi lu òkúta. Kò fọ́. Gbogbo ohun tó kù lára ògiri náà ti di ìyẹ̀pẹ̀, èyí nìkan ló ṣì le. Sìmẹ́ǹtì ni. Wọ́n ti fi amọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú rẹ̀, wọ́n sì ti ya ọnà sí i lára tí kò fi yàtọ̀ sí ti ọ̀mọlé Zinder.

"Ọwọ́ yìí dára," ni Mojísọ́lá wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ọwọ́ ta ni?"

Àlíyù ti mọ̀ kó tó dáhùn. Ó ti fi ọnà yẹn yangàn fún ìyàwó rẹ̀.

"Ọwọ́ mi ni."

"Sọ ọ́ fún mi."

"Mo rí páìpù irin nínú ihò náà. Mùsíyé Jíbò ní ohunkóhun tó bá ti jẹ́ irin. Mo rò pé Bàbá ló lu ihò, pé kò sí níbẹ̀ látilẹ̀. Mo yọ páìpù, mo fi sìmẹ́ǹtì dí i kó lè le, mo fi amọ̀ bò ó."

"Páìpù lásán ni bàbá rẹ fi rọ́pò amọ̀ tó ti jẹ. Ihò náà dàgbà jù ú lọ. Ta lo bi léèrè?"

"Mi ò bi ẹnikẹ́ni."

"Ibo lo rò pé omi yóò máa gbà lọ?"

Àlíyù wo ọwọ́ ara rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ra kẹ́tùlù sí yàrá, kì í ṣe àlùwàlá lágbàlá mọ́. Ẹlòmíràn ló ń pọn omi, ẹlòmíràn ló ń dà á nù.

"Mi ò rò ó, màmá."

Ẹkún gbọ̀n ọ́n, kò sì fi pamọ́. Ó ti rò pé ẹnu òun ni, ó sì ti ń wá ọ̀nà láti tọrọ àforíjì fún ọ̀rọ̀ ẹnu. Ṣé ọwọ́ òun ni gbogbo rẹ̀ ti wá? Ẹsẹ̀ bàbá, túbú Mùhàmmádù, ewé ìyá arúgbó yìí, gbogbo rẹ̀ pátá.

Mojísọ́lá jẹ́ kó sunkún tán. "Ìwọ kò mọ̀," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹnìkan mọ̀. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé omi ń dúró, tó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Nu ojú rẹ. À ń lọ sí ọsibítù."

*

Alhaji Jàfárù wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi okùn gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́. Inú rẹ̀ dùn láti rí ọmọ rẹ̀, àmọ́ nígbà tó rí ẹni tó tẹ̀ lé e, ó di tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ara á le o, Alhaji," ni Mojísọ́lá kí i. "Ọ̀rọ̀ kan ló ń dùn mí lọ́kàn láti ọjọ́ tí ẹ ti jẹ́rìí. Zarma yín dán ju tèmi lọ, ọ̀gá ọlọ́pàá náà sì gbọ́ ọ. Ẹ ti ń sọ ọ́ kí wọ́n tó bí mi. Kí ló dé tí ẹ fi ní Yorùbá ni ẹ ó sọ, tí wọ́n fi wá pè mí láti túmọ̀?"

Alhaji yí ojú sí ògiri.

"Mo rò ó títí. Ẹni tó bá ń bèèrè ògbufọ̀ fún èdè tó gbọ́, àyè ló ń wá. Ó fẹ́ wọn ọ̀rọ̀ kó tó jáde. Ẹ̀yin àti Mùhàmmádù, Zarma lẹ jọ ń sọ lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lọ́jọ́ náà, kò ṣeé sọ ní èdè tí ẹ fi ń kí i."

"Mi ò purọ́. Ó ń da omi síbẹ̀."

"Ẹ ò purọ́. Ẹ là òtítọ́ sí méjì ni, ẹ fi ààbọ̀ ti ọmọ ọlọ́mọ mọ́lé. Èmi kì í bèèrè ìdí tí òpùrọ́ fi ń purọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí kò purọ́ rí bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó, mo máa ń bèèrè ẹni tó lè tìtorí rẹ̀ ṣe é. Alhaji, ẹni kan ṣoṣo ni mo rí."

Bàbá àgbàlagbà náà wo ọmọ rẹ̀. Àlíyù ti kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Mo mọ̀ lọ́jọ́ tí mo dé láti Ògbómọ̀ṣọ́," ni Alhaji wí nígbà tó yá. "Mo rí i pé ihò ti lọ. Mo lọ sí ọ́fíìsì Jíbò, mo ní ẹ jẹ́ kí n tún ihò kékeré kan lù. Wọ́n ní ilé tí ìjọba ń ṣọ́ ni, kí n dúró de àṣẹ. Mo ń dúró. Èmi àtọmọ mi ti ja tó lórí ilé yìí. N kò fẹ́ kó mọ̀ pé iṣẹ́ tó fi ń yangàn ló ń jẹ ilé. Mo ní àṣẹ á dé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ kò ṣíwọ́ àlùwàlá níbẹ̀?" ni Àlíyù bèèrè.

"Ibẹ̀ ni bàbá mi ti kọ́ mi." Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. "Àlíyù, gbọ́. Padà sílé. Mùhàmmádù kò níyàwó, kò lọ́mọ, ìwọ ní. Màá máa fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí i. Bí mo bá lè dìde, màá lọ bẹ àwọn ológun."

"Ẹ̀bẹ̀ wo lẹ fẹ́ bẹ̀ fún ẹni tí ẹ̀yin fúnra yín sọ pé ó jẹ̀bi?" ni Mojísọ́lá bi í.

Alhaji pa ojú dé. Omi jáde lábẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀, ó sì ń ka tẹ̀sùbáà láìsí ohùn.

Lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù, Àlíyù bi Mojísọ́lá pé kí ni yóò sọ fún ọ̀gá ọlọ́pàá.

"Èmi? Kò sí. Ògbufọ̀ ni mí. N kì í sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Bí bàbá rẹ bá sọ ọ́, màá gbé e. Bí ìwọ bá sọ ọ́, màá gbé e. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá dákẹ́, ọwọ́ mi ṣófo."

"Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀."

"Mo mọ̀. Ìwọ náà sì mọ̀."

Takisí kan dúró, dírẹ́bà ń bèèrè bóyá Yantala ni. Àlíyù ronú kan Ràhámọ̀tù, ó ronú kan àwọn ọmọ, ó ronú kan ohun tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ nà sí i bí ẹ̀bùn. Kò sí irọ́ tó máa pa. Kó sáà wọ mọ́tò ni, kó jókòó, kó sì dákẹ́. Ó di ilẹ̀kùn takisí mú títí dírẹ́bà fi bínú.

"Kómísárìá," ló wí.

*

Zarma ló fi sọ ọ́, láìsí ògbufọ̀. Ó sọ nípa páìpù, ó sọ nípa sìmẹ́ǹtì, ó sọ nípa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Mojísọ́lá gbé ìṣù sìmẹ́ǹtì náà kalẹ̀ sórí tábìlì, ó sì lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Àbdùlkàdírì wo ìṣù náà, ó wo Àlíyù.

"Ṣé o mọ ohun tí ò ń ṣe? Àwọn tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín àṣìṣe àti ọ̀tẹ̀."

"Mo mọ̀, ọ̀gá."

"Tú bẹ́líìtì rẹ. Yọ aago."

Ó tú u, ó yọ ọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ẹtì, ó rí i pé òun lè gbé ojú sókè wo èèyàn. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn túbú, wọ́n ní kí Mùhàmmádù máa lọ sílé, pé òun kọ́. Àlíyù lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un lórí sìmẹ́ǹtì, ó tún gbogbo ọ̀rọ̀ náà sọ, ó ní kó dárí ji òun.

Mùhàmmádù gbọ́ ọ dé òpin. Ó ti fi ọwọ́ kan ti férémù ilẹ̀kùn láti dìde. Kò bínú. Ó tiẹ̀ fi ọwọ́ kejì kan orí Àlíyù bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé.

"Ìwọ ò mọ̀," ló wí. "Ẹni tí kò mọ̀, kí ni ká ti ṣe é." Nígbà náà ló ka àwọn ọjọ́ náà lọ́kàn. "Ṣùgbọ́n mo sọ fún Bàbá pé omi ń dúró. Mo sọ fún un ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ṣé ó rí ibi tí o dí?"

Àlíyù kò ronú kan ìbéèrè yìí. Gbogbo ẹ̀bi tó gbé wá, tirẹ̀ nìkan ló rò pé yóò sọ̀ kalẹ̀. Ó wo Mojísọ́lá. Mojísọ́lá ń wo ìta.

"Ṣé Bàbá mọ̀?" ni Mùhàmmádù tún bèèrè. "Nígbà tó fi orúkọ mi sílẹ̀ fún wọn. Ṣé ó mọ̀?"

"Ó mọ̀," ni Àlíyù wí.

Mùhàmmádù mi orí. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí Àlíyù, ó yọ ọ́ kúrò lára férémù ilẹ̀kùn. Ọlọ́pàá tún sọ fún un pé ó ti lè máa lọ, pé kò sí ẹ̀sùn kankan lọ́rùn rẹ̀ mọ́. "Ilé ta ni?" ló bi í. Mùhàmmádù padà sẹ́yìn sínú túbú, ó rọra jókòó sílẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ti ògiri.